Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Jíìpù Kí A Tó Wà Á Lọ Sí Ọ̀nà Oko

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá ní ojú ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn lè bi wá pé, Kí ni ó kan ìjọ nínú táyà àti ọ́ìlì? Èsì wa ni pé ó kàn án púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ìjọ, ẹgbẹ́ àti ilé ìwòsàn kékeré ni wọ́n ní ọkọ̀ jíìpù tí wọ́n fi ń lọ sí abúlé àti oko. Ọkọ̀ náà ni ó ń gbé oníwàásù, òun ni ó ń gbé nọ́ọ̀sì àti oògùn, òun ni ó ń gbé aboyún tí ìrọbí mú ní òru. Ẹni tí ó bá jókòó sí ìdí ìdarí rẹ̀ ti gba ẹ̀mí ènìyàn sí ọwọ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a jọ gbé ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe yẹ̀ wò, kí ọkọ̀ náà tó gbéra.

A ó pín ọ̀rọ̀ wa sí ọ̀nà mẹ́rin. Ní èkínní, a ó sọ irú ọkọ̀ tí jíìpù í ṣe, àti ìdí tí àyẹ̀wò rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ. Ní èkejì, a ó tọ ọ̀nà àyẹ̀wò náà láti ìta dé inú. Ní ẹ̀kẹta, a ó sọ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwa tìkára wa, èyí tí ó jẹ́ ìtìjú fún wa títí di òní. Ní ẹ̀kẹrin, a ó dá àwọn tí ó ní àwáwí lóhùn.

IRÚ ỌKỌ̀ TÍ JÍÌPÙ Í ṢE

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni jíìpù dé ayé. Ní ọdún 1941 ni àwọn ilé iṣẹ́ Willys àti Ford ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ fún àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí ogun sì fi parí ní ọdún 1945, èyí tí wọ́n ti ṣe ju 600,000 lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò dára fún iṣẹ́ oko, ilé iṣẹ́ Rover sì fi Land Rover tiwọn han aráyé ní ìlú Amsterdam ní oṣù kẹrin ọdún 1948. Ní ilẹ̀ Japan, ilé iṣẹ́ Toyota bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọdún 1951, Hilux tí gbogbo wa mọ̀ sì tẹ̀lé e ní ọdún 1968. Orúkọ wọn yàtọ̀, ìrísí wọn sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pe gbogbo wọn ní jíìpù nínú ọ̀rọ̀ wa yìí.

Ohun mẹ́ta ni ó mú jíìpù yàtọ̀ sí ọkọ̀ kékeré. Àkọ́kọ́, ọkọ̀ kékeré a máa fi ẹsẹ̀ méjì péré fa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì jíìpù lè fi agbára sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì, ó ní gíà kékeré mìíràn tí ó ń mú kí ó rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára púpọ̀, bí ẹni tí ó ru ẹrù wúwo gun òkè. Ẹ̀kẹta, ikùn rẹ̀ ga kúrò ní ilẹ̀, òkúta àti kùkùté kò sì tètè kàn án.

Nítorí àwọn ohun wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé jíìpù kò nílò ìtọ́jú bí ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n a ní, Ọkọ̀ líle ni. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Bí ọkọ̀ kékeré bá bàjẹ́, lójú ọ̀dà ni í bàjẹ́, níbi tí ènìyàn ń kọjá, tí mẹkáníìkì kò sì jìnnà. Jíìpù ni í gbé wa la ẹrẹ̀ méjì àti odò kan kọjá kí ó tó bàjẹ́, níbi tí kò sí ẹnìkan tí yóò gbọ́ igbe wa. Agbára rẹ̀ gan-an ni ó ń gbé wa jìnnà sí ìrànlọ́wọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀nà tí ó ń rìn kò ṣàánú fún un. Gbogbo gbígbọ̀n tí ó ń gbọ̀n lórí òkúta ń tú nọ́ọ̀tì, ó ń gé wáyà, ó sì ń ya rọ́bà. Ọkọ̀ tí ó lọ ní àlàáfíà ní àná lè ti gba ọgbẹ́ ní àná náà láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ̀. Agbára òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀nà oko kò ní òun kò ní ọkọ̀ fọ́. Ẹni tí ó ń wà á ni kò gbọdọ̀ gbà fún un.

Ọ̀NÀ ÀYẸ̀WÒ NÁÀ

Òwúrọ̀ ni ó dára jù fún àyẹ̀wò, nígbà tí ẹ́ńjìnnì àti táyà tutù, kí ọkọ̀ sì dúró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Kí a fa bírékì ọwọ́, kí a sì fi òkúta há ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ní ìwọ̀n ìdajì wákàtí, ẹni tí ó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe yóò ti parí rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ dúró ní ọ̀kánkán ọkọ̀ náà, kí a wò ó bí ẹni tí ń wo ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ǹjẹ́ ó dúró gẹ́rẹ́gẹ́, tàbí ó fì sí apá kan? Bí ó bá fì, ó lè jẹ́ pé táyà kan ti jò, tàbí pé ewé sípírìn-ìn kan ti ṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí a wo ilẹ̀ tí ó sùn lé. Omi mímọ́ tí ẹ̀rọ amúnitutù da sílẹ̀ kò ní ewu. Ṣùgbọ́n bí ohun dúdú bá kán sílẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ni. Bí ó bá jẹ́ omi aláwọ̀ ewé tàbí pupa, láti inú rèdíétọ̀ ni ó ti wá. Bí ó bá jẹ́ omi tí ń yọ̀ bí òróró ní ẹ̀gbẹ́ inú táyà, omi bírékì ni a gbọ́dọ̀ fura sí, ọkọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ kúrò ní ojú kan títí mẹkáníìkì yóò fi rí i. Bí òórùn epo bá sì ń jáde, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣá iná níbẹ̀.

Kí a tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí a sì wo abẹ́ ọkọ̀. Níbí ni ọ̀lẹ awakọ̀ ti í yẹra. Ọ̀pá gígùn kan wà tí ó ń gbé agbára lọ sí ẹ̀yìn, òmíràn sì ń gbé e lọ sí iwájú. Kí a di oríkèé wọn mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a mì í. Kò yẹ kí ó máa mì kẹ́kẹ́kẹ́. Kí a wo àwọn ọ̀pá tí ó so ìdarí mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, bóyá rọ́bà orí wọn ti ya, tí eruku sì ti wọ̀ ọ́. Kí a wo okùn bírékì tí ó lọ sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bóyá òkúta ti bó o. Ní àkókò ọyẹ́, kí a yọ gbogbo koríko gbígbẹ tí ó lọ́ mọ́ ọ̀pá èéfín, nítorí ọ̀pá náà a máa gbóná gidigidi, koríko bẹ́ẹ̀ sì ti jó ọkọ̀ odindi rí. Bí jíìpù náà bá sì ti la odò kọjá ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí mẹkáníìkì ṣí ọ́ìlì inú gíà ẹ̀yìn wò. Bí ó bá ti funfun bí wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ dà á nù, kí a fi tuntun rọ́pò rẹ̀ kí eyín gíà tó jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ táyà, nítorí òun nìkan ni ó kan ilẹ̀ nínú gbogbo ara ọkọ̀. Ojú nìkan kò tó láti mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀; kí a ra ohun èlò ìwọ̀n kékeré tí àwọn tí ń lẹ táyà fi ń wọ̀n ọ́n, kí a sì fi wọ̀n ọ́n nígbà tí táyà tutù. Ìwọ̀n tí ó yẹ wà nínú ìwé kékeré tí a lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré jù lórí ọ̀dà, táyà a gbóná, a sì bẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù, ọkọ̀ a máa fò lórí òkúta, kì í sì í di ilẹ̀ mú.

Ní ti eyín táyà, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, òfin wí pé kò gbọdọ̀ dín ní mìlímítà 1.6 ní jíjìn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọ̀dà ni. Táyà tí eyín rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kò lè di ẹrẹ̀ mú rárá. Ẹrẹ̀ yóò kún inú rẹ̀, yóò sì máa yí lójú kan bí ọmọdé tí ń fi okòtó ṣeré. Kí a fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ táyà, ti ìta àti ti inú, kí a wá ibi tí ó ti ya tàbí ibi tí ó wú bí eéwo. Táyà tí ó wú ti fọ́ nínú. Kò sí oògùn rẹ̀ ju kí a yọ ọ́ kúrò.

A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ táyà tòkunbọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń rà á nítorí owó, a kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Lára táyà ni a kọ lẹ́tà DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin sì wà ní ìparí ohun tí ó tẹ̀lé e. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni a ṣe é. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, a ti ṣe táyà náà kí ọdún 2000 tó dé, kò sì yẹ fún ọkọ̀ tí yóò gbé ènìyàn. Rọ́bà a máa gbó bí eyín rẹ̀ tilẹ̀ jìn. Kí a sì rí i pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwọ̀n kan náà, nítorí nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń fà, táyà ńlá àti kékeré yóò máa bá ara wọn jà, gíà ni yóò sì gba ìyà ìjà náà.

Lẹ́yìn táyà ni nọ́ọ̀tì rẹ̀. Kí a fi sípánà kan gbogbo wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a má ṣe fi ojú wò wọ́n lásán. Ibi tí ìpatà bá ti ṣàn sílẹ̀ láti ìdí nọ́ọ̀tì, àmì ni pé ó ti tú. Nígbà tí a bá ń dè wọ́n, kí a de ọ̀kan, kí a sì bọ́ sí èyí tí ó kọjú sí i, kì í ṣe èyí tí ó tẹ̀lé e, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè jókòó dáadáa. Bí a bá sì ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ kan, kí a tún de nọ́ọ̀tì rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn tí kò ju kìlómítà 80 lọ.

Nísisìnyí kí a ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Kí a fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì jáde, kí a nù ún, kí a tì í bọ̀ ọ́, kí a sì tún fà á jáde. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Bí ó bá kéré, ó léwu, bí ó bá sì pọ̀ jù, kò dára. Kí a wo omi rèdíétọ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Omi tí a sé mọ́ inú rẹ̀ a máa gbóná kọjá ibi tí omi ìkòkò ti ń hó. Ní kété tí a bá ṣí ìdérí, yóò fò jáde, yóò sì bó ojú àti ọwọ́ ẹni tí ó ṣí i. Kí a wo omi bírékì nínú ìgò rẹ̀. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, ó ní ibi tí ó ń lọ, tàbí kí aṣọ bírékì ti jẹ tán. Kí a má ṣe kàn bu òmíràn kún un kí a sì máa lọ. Kí a wo bẹ́líìtì bóyá ó ti sán. Kí a mi bátìrì, nítorí lórí ọ̀nà oko ìdè rẹ̀ a máa tú, orí wáyà rẹ̀ a sì máa já. Ní ìgbà ọyẹ́, kí a yọ asẹ́ afẹ́fẹ́, kí a gbọn eruku rẹ̀ dànù, kí a sì rí i pé ó jókòó dáadáa nígbà tí a bá dá a padà, nítorí eruku tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé yóò máa ha inú ẹ́ńjìnnì bí òkúta ìlọta.

Ní inú ọkọ̀, ohun kìn-ín-ní ni bírékì. Kí a tẹ̀ ẹ́ kí a tó ṣáná sí ọkọ̀. Ó yẹ kí ó le lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí ó bá rọ̀ bí kànìnkànìn, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Bí ó bá ń rì lọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ wa wà lórí rẹ̀, ó ń jò. Kí ọkọ̀ tí ó bá ní ọ̀kan nínú àrùn méjèèjì yìí má ṣe jáde. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, iná pupa ti ọ́ìlì gbọ́dọ̀ kú kíákíá. Bí ó bá kọ̀ tí kò kú, kí a pa ẹ́ńjìnnì. Iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, fèrè, ohun ìnugíláàsì àti ìgbànú ìjókòó, àwọn wọ̀nyí kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí a dán gbogbo wọn wò.

Ohun tí ó jẹ́ ti jíìpù nìkan ni ọ̀pá tí a fi ń pe ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí iṣẹ́. Lára ọ̀pọ̀ wọn a ó rí 2H, tí í ṣe ẹsẹ̀ méjì. 4H, tí í ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rin. Àti 4L, tí í ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú gíà kékeré alágbára. Kí a dán an wò lórí iyanrìn tàbí ilẹ̀ tí ó rọ̀ nítòsí ilé, kí a má ṣe dúró di ìgbà tí ẹrẹ̀ bá dé orókún kí a tó mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú irú jíìpù bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe lò ó lórí ọ̀dà gbígbẹ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Lórí ẹrẹ̀, táyà a yọ̀ díẹ̀, ọ̀ràn náà a sì parí, ṣùgbọ́n ọ̀dà kò jẹ́ kí ó yọ̀, gíà ni yóò sì fọ́. Nínú àwọn jíìpù àtijọ́ mìíràn, a gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti fi ọwọ́ yí ohun kan ní àárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kí wọ́n tó lè fà. Kí a dán ìyẹn náà wò, nítorí ẹrẹ̀ gbígbẹ a máa há a.

Ní ìkẹyìn, ẹrù àti irinṣẹ́. Kí a kó ẹrù wúwo sí ìsàlẹ̀, kì í ṣe sí orí òrùlé, nítorí ọkọ̀ gíga ni jíìpù, ẹrù orí a sì máa mú kí ó dojú dé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kí táyà sípíà wà, kí afẹ́fẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Kí jáàkì wà, pẹ̀lú pátákó tí a ó fi sí abẹ́ rẹ̀, nítorí jáàkì láìsí pátákó yóò wọ inú ilẹ̀ rírọ̀ lọ. Kí ṣọ́bìrì, àdá, okùn líle, iná ọwọ́, ohun ìpaná, omi mímu àti epo tí ó tó àlọ àti àbọ̀ wà. Kí sípánà ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì wà, kí a fi í bọ nọ́ọ̀tì kí a rí i pé ó wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó gbé wa dé ibi tí ó dùn wá jùlọ.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún 2009, ní àkókò òjò, àwa méjì ni a ń wa jíìpù kan fún iṣẹ́ ìlera ní apá Òkè Ògùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìhìn dé láti abúlé pé ìrọbí ti mú obìnrin kan láti òwúrọ̀, ọmọ kò sì jáde. A sáré wọ ọkọ̀. A kò wo ohunkóhun. A ní àánú ni ó ń lé wa. Jíìpù náà la ẹrẹ̀ kọjá, ó la odò kékeré kan kọjá, a sì ń yìn ín bí a ti ń lọ. A gbé obìnrin náà àti ìyá ọkọ rẹ̀, a sì yí padà.

Nígbà tí a dé agbedeméjì ọ̀nà, òkúta mímú kan ya ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. A kò fòyà, nítorí táyà sípíà wà, jáàkì sì wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi sípánà bọ nọ́ọ̀tì, kò wọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni a ti pààrọ̀ nọ́ọ̀tì àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Àwọn tuntun tóbi ju ti àtijọ́ lọ, sípánà àtijọ́ ni ó sì wà nínú ọkọ̀. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó rántí láti gbé ọ̀kan bọ èkejì wò.

Ìyá àgbà náà yọ orí láti inú ọkọ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé kò lọ mọ́ ni?” A dáhùn pé, “Ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyá.” Irọ́ ni a pa. Ọ̀kan nínú wa fi ẹsẹ̀ rìn nínú òjò títí dé ojú ọ̀dà, ó tọrọ sípánà lọ́wọ́ awakọ̀ akẹ́rù kan, ó sì padà. Àkùkọ ti kọ kí a tó dé ilé ìwòsàn. Ìyá yè, ọmọ kò yè. Ọmọkùnrin ni.

Dókítà kò dá wa lẹ́bi. Ó ní ọmọ náà lè ti kú kí a tó dé abúlé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi dá wa lójú, àwa náà kò sì lè fi dá ara wa lójú. Ìyá àgbà náà dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a gba ẹ̀mí ìyàwó òun là. Ọpẹ́ náà wúwo ní etí wa ju èébú lọ. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìbá gbà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ èyíkéyìí nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà láti fi sípánà bọ nọ́ọ̀tì.

ÌDÁHÙN FÚN ÀWÁWÍ

Àwọn kan yóò wí pé, Bí a bá pè wá ní òru fún ẹni tí ń kú lọ, ṣé a ó máa tẹ́ ẹní sí abẹ́ ọkọ̀ ni? Rárá. Nítorí ìpè òru gan-an ni a ṣe gbọ́dọ̀ yẹ ọkọ̀ wò ní òwúrọ̀, yálà a ó jáde tàbí a kò ní jáde. Ọkọ̀ tí a ti yẹ̀ wò ní àárọ̀ kò béèrè ju kí a wo táyà, kí a wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, kí a sì tẹ bírékì, kí ó tó gbéra ní òru.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, Mẹkáníìkì ti wò ó ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. A kò kẹ́gàn mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń gbọ̀n lórí òkúta. Nínú ọ̀ràn tiwa, ọwọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó pààrọ̀ nọ́ọ̀tì náà, ó sì dè wọ́n dáadáa. Àwa tí a ni ìrìn àjò ni a kò ro ọ̀rọ̀ náà dé òpin.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, A ti gbàdúrà kí a tó jáde. Ó dára bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe dẹ́kun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí a dì láti gbàdúrà, kí a tún là á láti wo táyà. Ẹni tí ó fi ojú sílẹ̀ láìlò kò gbọdọ̀ sọ pé ìgbàgbọ́ ni.

Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ yóò wí pé, Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó wà. Òótọ́ ni, ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ wọn ní ojú ọ̀dà pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá wa dúró ní ọ̀nà oko láti yẹ bírékì wa wò? Níbẹ̀, awakọ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ẹ̀yin àgbà ni a sì fẹ́ bá sọ ọ́. Nígbà púpọ̀, kì í ṣe awakọ̀ ni ó ń kọ àyẹ̀wò. Àwa tí a jókòó sí ẹ̀yìn ni a ń kán an lójú. A ti wọ aṣọ, a ti wọ ọkọ̀, a sì ń wo aago. Awakọ̀ tí a ń sanwó fún kò lè sọ fún bàbá ìjọ pé, Ẹ sọ̀ kalẹ̀, sà, bírékì kò dára. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ tí ó ni ọkọ̀ fi ẹnu kò pé awakọ̀ tí ó bá wí pé ọkọ̀ kò yẹ ní jíjáde, a kò ní bá a wí, a kò sì ní gé owó rẹ̀. Ẹ ra ohun èlò ìwọ̀n afẹ́fẹ́ fún un. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ fi okùn so ó mọ́ inú ọkọ̀: kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó kọ ohun tí ó rí nípa ìsàlẹ̀ ọkọ̀, táyà, nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì, omi, bírékì, iná, ọ̀pá ẹsẹ̀ mẹ́rin, àti irinṣẹ́, kí ó sì fọwọ́ sí i. Lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀, kí àgbà kan kà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀yin ará wa, jíìpù wa ọjọ́ náà kò sí mọ́, a ti tà á. Ṣùgbọ́n sípánà tí kò wọ nọ́ọ̀tì náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a bá ń kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní iṣẹ́ awakọ̀, òun ni a máa ń kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́, kí ó tó fi ọwọ́ kan ìdarí. A gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe ní irú rẹ̀ ní ìpamọ́.